Èwo Ló Dára Jù? Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Etí Yan Preamp fún Ohùn Ènìyàn

Ìjà ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ má fòyà, ẹnikẹ́ni kò na ẹnikẹ́ni. Ìjà lórí ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju bíríkì lọ ni.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ pé láti sáà tó kọjá ni a ti ń dá owó jọ kí a lè gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: àwọn tó ń sun rárà, àwọn ọdẹ tó ń sun ìjálá, àwọn ìyá tó ṣì mọ ẹkún ìyàwó lórí. Nígbà tí owó náà pé díẹ̀, ẹgbẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a kó gbogbo rẹ̀ lé preamp olówó ńlá kan lórí, pé láìsí i ohùn kò ní dún bó ṣe yẹ. Àwọn yòókù ní èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré tí a ti ní tó, kí a fi owó wọ ọkọ̀ lọ bá àwọn àgbà nílé wọn. Ni a bá yá olówó ńlá náà lọ́wọ́ ẹnìkan, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kékeré tiwa, a sì ní kí etí dájọ́. Gbogbo ilé ló nawọ́ sí olówó ńlá. Ọjọ́ kejì ni a tó rí i pé a ti yí bọ́tìnì rẹ̀ sókè ju ti èkejì lọ. Ohùn rẹ̀ kàn ga jù ni.

Ojú tì wá. Ìtìjú yẹn ló lé wa wọ inú ìtàn, kí a lè mọ̀ bóyá àwa nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí a rí ni pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ̀rọ ti ń fi etí ọmọ aráyé ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ wo ni preamp ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí àwọn kan nínú wa pàápàá ti ń jà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Máìkì ló ń sọ afẹ́fẹ́ tó ń mì di iná mànàmáná. Iná náà kéré púpọ̀. Bí ènìyàn bá kọrin níwọ̀nba sínú máìkì bíi SM58, tí Shure gbé jáde ní 1966, ohun tí ń gba inú wáyà kọjá kì í ju millivolt díẹ̀ lọ, ìyẹn ìdá díẹ̀ nínú 1,000 volt kan. Ẹ̀rọ tó máa gbà á sílẹ̀ sì ń retí nǹkan bíi volt kan. Preamp ló wà láàárín wọn. Òun ló ń sọ iná kékeré náà di ńlá ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nígbà mìíràn ní ìlọ́po 1,000, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn ń pè ní 60 decibel.

Nítorí pé òun ni àkọ́kọ́, ariwo yòówù tó bá fi kún ohùn yóò bá ohùn náà dé òpin. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń ná owó lé e lórí. Ṣùgbọ́n ariwo kan wà tí kò sí preamp tó lè borí rẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó: ariwo tí ooru ń fà nínú wáyà máìkì fúnra rẹ̀. Fún máìkì tó jẹ́ 150 ohm, ààlà yẹn wà ní nǹkan bíi −131 dBu. Ọ̀pọ̀ preamp tí kò wọ́n lóde òní ti dé nǹkan bíi −128. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Nígbà tí kò sí máìkì rárá

Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ará Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fela, kọ orin 43 sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Orin ìsìn ní èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Kò sí máìkì níwájú rẹ̀, kò sí preamp. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni fèrè ńlá onírin kan, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Agbára èémí akọrin nìkan ló ń mi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní ìdí fèrè, awọ náà ló sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ń họ ìda. Kò sí iná mànàmáná kankan lójú ọ̀nà ohùn náà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀ kò lè wọlé.

Fèrè yìí kò gba ohun tó bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 200 hertz dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ohun tó bá ga ju nǹkan bíi 2,500 lọ. Àwa ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ dúró níbí díẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lè wà ní nǹkan bíi 100 hertz, ó sì lè rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé pé fèrè náà ti gé ohùn ìsàlẹ̀ wa dànù ni? Rárá o. Ọpọlọ ènìyàn máa ń fi àwọn ìgbì tó ga ju ìpìlẹ̀ lọ ṣírò ìpìlẹ̀ tí kò gbọ́. Fóònù ń fi èyí hàn wá lójoojúmọ́: láti nǹkan bíi 300 sí 3,400 hertz ni fóònù àtijọ́ ń gbé, síbẹ̀ ẹni tó bá pè wá láti ilé kò ní láti ṣàlàyé bóyá igbá ni òun sọ tàbí ìgbà.

Kọ́ńsónáǹtì ló jẹ́ gbèsè. Agbára "s" wà lókè 4,000 hertz, ti "ṣ" bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 2,500, ti "f" sì fọ́n ká lókè láìlágbára. Nínú fèrè, "sá", "ṣá" àti "fá" fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó bá mọ orin náà tẹ́lẹ̀ ló ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ dí àlàfo. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí a rí nìyí: etí kì í dá gbọ́. Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń bá a gbọ́.

Edison pa iná

Thomas Edison lo ẹ̀kọ́ yìí láti fi tajà. Láti 1915 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe àfihàn kan káàkiri. Akọrin yóò dúró lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ giramafóònù, yóò máa bá rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ kọrin. Yóò dákẹ́, ẹ̀rọ yóò máa bá a lọ. Nígbà mìíràn wọ́n á pa iná gbọ̀ngàn, nígbà tí wọ́n bá tún tàn án, àwọn ènìyàn á rí i pé akọrin ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ló ń kọ. Ọ̀pọ̀ ló búra pé àwọn kò mọ ìyàtọ̀.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ onífèrè tí a ṣàpèjúwe lókè ni wọ́n fi gba ohùn náà o. Báwo ló ṣe wá jẹ́? Anna Case, ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, jẹ́wọ́ nígbà tó dàgbà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ ohùn òun di irú ti ẹ̀rọ náà ni. Ẹ̀rọ kò bá ènìyàn dọ́gba, ènìyàn ló sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè dọ́gba.

Gílóòbù tó sọ kékeré di ńlá

Ìgbà tí wọ́n rí ohun tó lè sọ iná kékeré di ńlá ni ayé fèrè parí. Ní 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà ṣe gílóòbù onígíláàsì kan tó pè ní Audion. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló kọ́kọ́ rí ìwúlò rẹ̀, nítorí ohùn máa ń kú lójú ọ̀nà tí wáyà bá gùn. Wọ́n tún un ṣe, nígbà tó sì di 1915 ohùn lè ti New York dé San Francisco. Lẹ́yìn náà, E. C. Wente, tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan náà ṣiṣẹ́, ṣe máìkì condenser, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1917. Máìkì yìí gbọ́ràn ju gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ń tinú rẹ̀ jáde kéré débi pé wọ́n ní láti gbé gílóòbù tì í tímọ́tímọ́. Ibẹ̀ ni a lè sọ pé wọ́n ti bí preamp: ìránṣẹ́ tí máìkì kò lè dá rìn láìsí i.

Ní 1925, Victor àti Columbia bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná gba orin sílẹ̀. Akọrin tí ohùn rẹ̀ rọ̀ wá lè wọlé. Ọdún mẹ́ta péré ni Àlùfáà Ransome-Kuti fi ṣáájú.

Ìdí tí ohùn tó ga fi ń borí

Àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yìí náà ló wá bi ara wọn pé, báwo ni etí gan-an ṣe ń dájọ́? Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé etí kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá àti òkè pátápátá ni etí máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Bí a bá gbé e sókè díẹ̀, àwọn méjèèjì á padà wọlé. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ kan bá fi decibel kan péré ga ju èkejì lọ, a kò ní sọ pé "ó ga jù". A óò sọ pé ó "kún", ó "mọ́", ó "lẹ́mìí".

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. A ti ṣàṣìṣe tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ kí a tó bí àwọn òbí wa.

Ní 1950, Munson àti Mark Gardner tún tẹ ọ̀nà kan jáde láti yanjú rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí o gbọ́ A, wọ́n á jẹ́ kí o gbọ́ B, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kí o gbọ́ X, ìwọ yóò sì sọ bóyá A ni tàbí B. Bí o kò bá lè mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń ta owó ẹyọ sókè lọ, nígbà náà kò tíì yẹ kí o máa sọ èwo ló dára jù. Ní 1982, David Clark tẹ àlàyé jáde nípa àpótí kan tó ń yí A àti B padà fúnra rẹ̀, tí ẹni tó ń darí ìdánwò pàápàá kò mọ èyí tó ń dún.

Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Apapa

Àwọn tó fẹ́ràn preamp àtijọ́ yóò ní, "Ẹ dúró ná, ṣé gbogbo rẹ̀ kàn jẹ́ ojú ayé ni?" Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò.

Ilé-iṣẹ́ tó ni Zonophone, ìyẹn Gramophone Company, dara pọ̀ mọ́ Columbia ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931 láti di EMI. Ọdún náà ni wọ́n ṣí sítúdíò tó wà ní Abbey Road. Lẹ́yìn ogun, àwọn míksà tí wọ́n ṣe fúnra wọn, tí wọ́n ń pè ní REDD, ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Nínú REDD.37, àwọn preamp V72S tí wọ́n kó wá láti Jámánì ló wà; nínú REDD.51, wọ́n fi REDD.47 tiwọn rọ́pò wọn. Onígílóòbù ni gbogbo wọn. Ní 1968, míksà tuntun dé, TG12345, èyí tó ń lo tiransísítọ̀. Òun ni wọ́n fi gba Abbey Road, àwo orin àwọn Beatles tó jáde ní 1969.

Geoff Emerick, ẹnjiníà tó ti ń fi míksà onígílóòbù gba ohùn wọn tẹ́lẹ̀, gbọ́ ìyàtọ̀. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó sọ pé ìlù àti gìtá kò gbóná mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ohùn wọn ti rọ̀. A gbà á gbọ́. Etí tó ti jókòó síwájú ẹ̀rọ kan fún ọdún púpọ̀ mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe preamp nìkan ló yí padà lọ́dún náà. Wọ́n kúrò ní téèpù onílà mẹ́rin bọ́ sí onílà mẹ́jọ. Máìkì tí míksà lè gbà di 24. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ wọ ojú ọ̀nà máìkì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí nǹkan mẹ́rin bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, etí lè mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀, kò lè tọ́ka sí ẹni tó ṣe é.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1971, Fela àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orin sílẹ̀ ní Abbey Road, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó jogún ẹni tó gba ohùn bàbá bàbá rẹ̀ ní ọdún 49 ṣáájú. Ní 1973, Paul McCartney kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó, sí sítúdíò EMI tó wà ní Apapa, láti gba Band on the Run. Ta ló mú wá láti bá a gba ohùn? Geoff Emerick yìí kan náà. Téèpù onílà mẹ́jọ ló bá níbẹ̀, nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù ti ń lo 16, ohun èlò tó sì bá kò pọ̀ tó èyí tó fi sílẹ̀ nílé. Òótọ́ ni pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti parí iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ohùn àwọn olórin mìíràn kún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Apapa ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, nínú òjò àti ooru Èkó. Ní 1975, Emerick gba ẹ̀bùn Grammy lórí àwo náà. Ẹ̀bùn ẹnjiníà ni, ìyẹn ẹ̀bùn lórí bí wọ́n ṣe gba ohùn sílẹ̀.

Etí tó mọ ìyàtọ̀ láàárín gílóòbù àti tiransísítọ̀ nìyẹn. Etí náà kò jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ìdánwò wa kejì

A tún ìdánwò ṣe. Ní àkọ́kọ́, a kò ní kí akọrin kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò sí ẹni tó ń kọ orin bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn kan tí a ti gbà sílẹ̀ la gbé sórí sípíkà níwájú máìkì, a kò sún ohunkóhun kúrò láyè rẹ̀, a kàn ń yí preamp padà. Èkejì, a fi ohùn 1,000 hertz wọn àwọn méjèèjì títí wọ́n fi dọ́gba lórí kọ̀ǹpútà, a kò fi etí wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta, a fi A àti B rọ́pò orúkọ wọn, ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì sì wà lẹ́yìn ìkélé. Ẹ̀kẹrin, olúkúlùkù kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kígbe "ẹ gbọ́ ọ!" kí àwọn yòókù má baà tẹ̀lé e.

A sì mọ ibi tí a óò tẹ́tí sí. A tẹ́tí sí "s" àti "ṣ" àti "f", ibi tí fèrè ti kùnà ní 1922. A tún tẹ́tí sí òpin gbólóhùn, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ tó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nínú èdè wa máa ń lọ sílẹ̀, á rọ̀, nígbà mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán. Ibẹ̀ ni ariwo preamp burúkú ti lè gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ẹni tó pariwo jù fún olówó ńlá gbà á níwọ̀n ìdajì, ó ṣì í níwọ̀n ìdajì. Àwọn yòókù kò sàn jù ú lọ. Nígbà tí a fi máìkì tí ohùn rẹ̀ kéré jù dán an wò, tí a sì yí bọ́tìnì dé òpin, a gbọ́ ìyàtọ̀ díẹ̀: ẹ̀rọ kékeré tiwa ń ṣe "ṣíì" ní abẹ́ ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé máìkì náà sún mọ́ ẹnu, tí a sì pa fáànù, a kò gbọ́ ṣíì náà mọ́. Fáànù ti ń pariwo jù ú lọ láti ọjọ́ yìí wá.

A kò sọ pé preamp olówó ńlá kò wúlò. Ẹni tó ń fi máìkì ribbon gba ohùn jẹ́jẹ́ nínú sítúdíò tó dákẹ́ rọ́rọ́ yóò rí ìlò fún un. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín kí ohùn méjèèjì tó dọ́gba, kí orúkọ tó pamọ́.

Ohun tó dùn wá jù kì í ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tí a ń jà lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé wa papò dà. Wọ́n mọ ẹkún ìyàwó ìlú wọn débi pé àwọn ọmọ wọn gan-an kò mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré wa ti wà nínú àpò láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó sì ti tó láti gba ohùn wọn. Ìpàdé ni kò jẹ́ kí a lọ.

A ti dá olówó ńlá padà fún ẹni tó ni ín. Owó ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, a ti ra wáyà tuntun àti bláńkẹ́ẹ̀tì méjì tí a óò ta sára ògiri. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ń lọ bá bàbá ọdẹ kan tó ti ní àwọn yóò sun ìjálá fún wa títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà: kí wọ́n bá wa pa jẹnẹrétọ̀.